Òkè tí Fìyìn Ń Béèrè

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ọ̀nà Ọ̀yọ́,
                                        Ìlọrà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        25 Oṣù Igbe, 1993.

Ìyábọ̀dé mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ẹ kú ooru ibẹ̀ yẹn o. Mo gbọ́ pé oòrùn Máídúgùrí kì í fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni ní irú àsìkò yìí. Ṣé ara le? Bàbá Jésùtóbi ńkọ́, ṣé ibà tó dá wọn gúnlẹ̀ lóṣù tó kọjá ti tú wọn sílẹ̀? Jésùtóbi fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti gbà pé òun kọ́ ni wọ́n ń gbé jó mọ́? Àti ìkókó tó wà lọ́wọ́ rẹ, tí mi ò tíì fojú rí, bá mi pọ̀n ọ́n, kí o sì sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o pọn òun. Nígbà tí ìròyìn dé pé o ti bí wẹ́rẹ́, pé wọ́n gbóhùn ìyá, wọ́n gbóhùn ọmọ, mo kúnlẹ̀ sórí ẹní mi, mo sunkún títí. Ẹkún ọpẹ́ ni. Ẹkún mìíràn sì wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ní tiwa níbí, à ń jí, à ń wẹ̀, à ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣì ń wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ láràárọ̀, nígbà tí epo bá wà tí mọ́tò sì ń rìn. Ìyá wa ń bẹ, orúnkún wọn nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa, kí n má sì gbàgbé láti sọ fún ọ pé ọmọ tuntun kì í gbé inú ooru láìmu omi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. O ní kí n má bínú pé o ò lè wá síbi ìsìnkú Ojúọlá. Ta ni yóò bínú sí ọ? Aboyún tí ikùn rẹ̀ ti wọlẹ̀ kì í wọ mọ́tò láti Máídúgùrí wá sí Fìdítì. Ká ní o sì wá, Ìyá wa ni ì bá kọ́kọ́ lé ọ padà, torí ojú tí wọ́n fi ń wo aboyún lásìkò yẹn, ojú ẹ̀rù ni. Mo mọ̀ pé àbúrò tèmi ni Ojúọlá, ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn, ìwọ lo di irun rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọ̀fọ̀ tiwa, ọ̀fọ̀ tìrẹ náà ni.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò tètè lè dáhùn. O ní: kí lẹ sọ fún Fìyìn? Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo jókòó láti kọ báyìí. Ó gùn díẹ̀. Tí ọmọ bá ń sunkún, lọ fún un lọ́mú kí o tó máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ tí Ojúọlá ń lọ sílé ìwòsàn láti bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló mú Fìyìn wá bá wa ní Ìlọrà. Ó ní òun ń lọ gbé ọmọ tuntun wá, kí Fìyìn má yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu títí òun yóò fi dé. Ìyá ò padà, ọmọ tuntun ò dé. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin wọ́n ní Fìdítì, Ìyá wa pe Fìyìn mọ́ra, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti lọ sókè, pé ó wà lókè lọ́dọ̀ Olúwa, òun àti ọmọ tuntun, àti pé ibẹ̀ dára. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Pásítọ̀ ní òkè, àwọn ìyá ìjọ ní òkè, àwa tá a wà nílé ní òkè. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ mìíràn, Ìyá wa á ti fi ojú sọ fún un kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n ní a kì í sọ ọ̀rọ̀ òkú fún ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín.

Fìyìn ò béèrè ohunkóhun. Ọmọ tí kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀, tó máa ń bá adìẹ jà, tó máa ń kọrin nínú balùwẹ̀, ó wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Tá a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Bàbá rẹ̀ náà, bákan náà. O mọ Níyìọlá, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Fìdítì, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá bá wa. Á jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, àwọn méjèèjì á máa wo títì. Mi ò tíì rí i kó sunkún. Kódà lọ́jọ́ ìsìnkú, ńṣe ló ń bá àwọn èèyàn wá àga.

Ọjọ́ kan lóṣù Kẹta ni ọ̀rọ̀ òkè wá délẹ̀. Níyìọlá ń sọ fún Ìyá wa pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lọ gun òkè Adó-Àwáyè, lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn lọ́hùn-ún, pé wọ́n gòkè láàárọ̀, wọ́n sì ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Fìyìn gbórí sókè. Ó ní, "Bàámi, ṣé èèyàn lè lọ sókè kó sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà?"

Níyìọlá ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ọmọdé lè lọ?"

Ó ní ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le á lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sókè."

Ìyábọ̀dé, inú wa dùn! Ọmọ tí kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti oṣù Kìíní ló wá ń bẹ̀bẹ̀ yìí. Ìyá wa ṣe sààdáńkátà, wọ́n ní Olúwa ti ń dá ọmọ náà padà fún wa. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ìbéèrè tó fi ń pàdé rẹ̀ nìyẹn: "Bàámi, ìgbà wo la máa lọ sókè?" Níyìọlá bá fi ọjọ́ kejì Àjíǹde sí i.

Abdulwaheed ló fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé wa. O máa rántí rẹ̀, ọmọ ilé tó dojú kọ tiwa, tó máa ń fi èso káṣú ránṣẹ́ sí wa nígbà tí a wà ní kékeré. Òun àti Níyìọlá ti di kòríkòsùn láti ìgbà tí Níyìọlá ti ń wá fẹ́ Ojúọlá. Ó ti tọ́jú epo sílẹ̀ dè wá, ó ní òun ò gba kọ́bọ̀, ọmọ náà ni òun ń gbé lọ ṣeré. Èmi, Níyìọlá, Fìyìn àti Abdulwaheed la lọ. Ìyá wa ní orúnkún àwọn ò lè dé ibẹ̀, àwọn á máa gbàdúrà nílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fìyìn ti jí kí n tó jí. Ó ní kí n tún irun òun dì, kó má rí wúruwùru. Ó ní aṣọ Àjíǹde ni òun máa wọ̀. Mo ní òkè là ń lọ o, aṣọ yẹn á dọ̀tí. Ó fọwọ́ lé e, kò jẹ́ kí n mú òmíràn. Mo rò pé afẹ́ ọmọdé ni, mo sì ń dúpẹ́ pé afẹ́ ti padà sí i lára.

Ọ̀nà dára. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbàdo ti ń yọ orí lẹ́bàá ọ̀nà. A gba Ọ̀yọ́ kọjá, a kọjá àwọn oko tábà tó wà lápá Ìṣẹ́yìn, Abdulwaheed ń dápàárá, kódà Níyìọlá dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo já mọ́ínmọ́ín fún Fìyìn. Ó jẹ ìdajì, ó fi ewé wé ìdajì tó kù padà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú àpò rẹ̀. Mo ní kó jẹ ẹ́ tán, òmíràn wà. Ó mi orí. Nígbà tí òkè náà yọ sí wa lókèèrè, tó dúdú, tó ga, tí ìkùukùu díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, ó dìde dúró lórí àga. Ó ní, "Ṣé òkè nìyẹn?" A ní òun ni. Ó rọra jókòó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ aṣọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí itan kó má rún, ó sì ń wo òkè náà títí a fi dúró.

Gígun òkè náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọ̀nà rẹ̀ gba àárín àpáta, ibì kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ lèèyàn á fi di gbòǹgbò mú. Níyìọlá fẹ́ gbé e sí èjìká, ó kọ̀. Abdulwaheed fẹ́ pọ̀n ọ́n, ó kọ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun máa rìn. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn, Ìyábọ̀dé! Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fi orúnkún gbá òkúta, ẹ̀jẹ̀ yọ, kò ké. Èmi tí mo dàgbà ni mo ń ní kí wọ́n jẹ́ ká sinmi. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń kí i pé akin ọmọ, kò dá wọn lóhùn, ńṣe ló kàn ń wo ojú wọn.

Orí òkè náà tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Ìjọ kan ti ṣáájú wa débẹ̀, wọ́n pín sí agbo-agbo. Àwọn kan ń kọrin, àwọn kan ń jẹun, àwọn mìíràn kàn fẹ̀yìn ti àpáta, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Bí ẹsẹ̀ Fìyìn ṣe tẹ ibi tó tẹ́jú yẹn, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó fẹ́ máa sáré kiri ni. Kò sáré. Ńṣe ló ń rìn láti agbo kan sí òmíràn, tó ń wo ojú àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kẹ̀yìn sí i, á yípo lọ sí iwájú rẹ̀, á wò ó, á sì kúrò níbẹ̀. Níyìọlá bi mí pé kí ló ń wá. Mo ní mi ò mọ̀.

Obìnrin kan wà lápá ibi tí adágún omi orí òkè náà wà, tó pọn ọmọ, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Ó kẹ̀yìn sí wa. Kí n má purọ́ fún ọ, láti ẹ̀yìn, ó jọ Ojúọlá. Bó ṣe ga, bó ṣe ń mi ara jẹ́jẹ́ láti fi tu ọmọ nínú. Ìgbà yìí ni Fìyìn wá sáré. Ó sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan yọ sílẹ̀, ó so mọ́ ìró obìnrin náà, ó ní, "Màámi, mo ti dé!"

Obìnrin náà yíjú padà.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe ojú Fìyìn fún ọ. Ó jọ̀wọ́ ìró náà sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ má bínú mà." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Ọmọ dáadáa, ta lò ń wá?"

Ó ní, "Màámi ni. Òkè ni wọ́n wà. Wọ́n pọn ọmọ tuntun, bíi tiyín. Ṣé ẹ rí wọn?"

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wo Níyìọlá, ó wo aṣọ dúdú tí èmi wọ̀. Ó yé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Èmi náà, ibẹ̀ ló ti yé mi. Irun tó ní kí n tún dì. Aṣọ Àjíǹde. Ìdajì mọ́ínmọ́ín tó wà nínú àpò rẹ̀. Òkè tí gbogbo wa ń pè, kò sí ẹni tó sọ fún un pé òkè yẹn kì í ṣe èyí tí ẹsẹ̀ ń gùn.

Fìyìn yí sí bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Ó béèrè bí ẹni tó ṣi ilé yà, tó ń béèrè ọ̀nà: "Bàámi, ṣé òkè mìíràn tún wà ni?"

Láti ibi tí a dúró sí, èèyàn ń rí àwọn òkè mìíràn lọ́nà jíjìn, wọ́n tò lọ bí ẹran tó dùbúlẹ̀. Òun náà rí wọn. Ó na ìka sí ọ̀kan. "Ìyẹn ńkọ́? Bóyá ìyẹn ni wọ́n wà. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Níyìọlá ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ mìíràn la máa lọ síbẹ̀." Fìyìn ní ó dára. Ó lọ jókòó sórí òkúta, ó ń yẹ orúnkún rẹ̀ tó bó wò.

Abdulwaheed fa Níyìọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Níyì, má sọ pé ọjọ́ mìíràn. Mo bẹ̀ ọ́. Bí ọmọ yìí ṣe rí gan-an ni mo rí nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Wọ́n ní ó lọ sí Mẹ́kà. Lọ́dọọdún, tí àwọn Àlàájì bá ti ń bọ̀, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ Iléyá mi, mo máa ń lọ dúró sétí títì. Gbogbo obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀, mo ń wo ojú wọn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé kí n má lọ mọ́. Èmi náà ni mo kàn ṣíwọ́ lọ́dún kan. Títí dòní, mi ò tíì sunkún ìyá mi, torí mi ò mọ ọjọ́ tó yẹ kí n sun ún."

Ìyábọ̀dé, ọdún mélòó la ti ń gbé ojú kojú pẹ̀lú ọkùnrin yìí? Mi ò gbọ́ ọ rí.

Níyìọlá lọ bá ọmọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lórí àpáta kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé. Ó ní, "Fìyìn, wò mí. Màámi ò sí lórí òkè yìí. Wọn ò sí lórí àwọn tó kù yẹn náà. Màámi ti kú. Ọmọ tuntun náà ti kú."

Fìyìn wò ó. Ó ní, "Bíi ti Jésù?"

Ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo rí i tí Níyìọlá tiiri. Ọkùnrin tó ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ! Kí ó tó dáhùn, ọmọ náà ti tún ní, "Ṣé ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa jí?"

"Rárá. Ti Jésù yá. Tiwa máa pẹ́. Ó máa pẹ́ gan-an, Fìyìn. Màámi ò ní wá sílé wa mọ́."

"Ṣùgbọ́n mi ò yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu."

Ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìdí tó fi ń jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ó ń pa àṣẹ ìyá rẹ̀ mọ́, kí ìyá lè tètè dé.

Níyìọlá ní, "Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. O ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe nítorí tìrẹ. Wọ́n fẹ́ padà wá bá ọ, ikú ni kò jẹ́ kí wọ́n wá."

Ìgbà yẹn ló bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọmọdé. Kì í ṣe igbe, ó ń jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn bíi ti àgbàlagbà. Níyìọlá gbá a mọ́ra, òun náà sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá èèyàn wá àga lọ́jọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, ó sunkún níwájú ìjọ tí kò mọ̀ rí, kò sì fi ọwọ́ bojú. Orin dákẹ́ ní gbogbo orí òkè náà. Obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ ewé bu omi wá, ó gbé e kalẹ̀ nítòsí wọn, ó sì lọ. Abdulwaheed dojú kọ apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ò mọ ẹni tí mo máa rẹ̀ lẹ́kún nínú wọn, mo kàn jókòó sínú oòrùn, mo ń pe orúkọ àbúrò mi.

Nígbà tó rẹ Fìyìn, ó sùn lọ. Abdulwaheed ní kí n yọ ìborùn mi, ó fi pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ọkùnrin bàǹtàbanta pọn ọmọ bí abiyamọ. Òun ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ìyá wa ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n na ọwọ́ sí Fìyìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, báwo ni òkè?" Fìyìn ní, "Ìyá Àgbà, Màámi ò sí lókè. Wọ́n ti kú." Lọ́wọ́ kan ni ojú Ìyá wa yí padà. Wọ́n wo Níyìọlá. Wọ́n ní, "Níyìọlá, o tún ọmọ mi sin lẹ́ẹ̀kejì." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, wọn ò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Níyìọlá dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu yàrá wọn kó tó padà sí Fìdítì, wọn ò dá a lóhùn. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Àwa ń wá bí ọmọ yóò ṣe gba ikú ìyá rẹ̀ gbọ́, a ò rántí pé ìyá kan wà nínú ilé tí òun náà ò tíì gbà pé ọmọ òun ti kú. Wọn ò rí i kí wọ́n tó gbé e lọ, wọn ò dé ibi ìsìnkú. O mọ àṣà wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Òkè tí wọ́n ń sọ fún Fìyìn yẹn, àwọn náà ló ń gbé wọn ró.

Fìyìn ló tún ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀. Òun àti Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà nínú àgbàlá, èmi ń sá aṣọ. Ó ní, "Ìyá Àgbà, Bàámi ní Fìdítì ni Màámi wà, nínú ilẹ̀. Wọ́n ní tó bá di Sátidé àwọn máa mú mi lọ. Ṣé ẹ ti lọ kí wọn rí?"

Ìyá wa ní, "Èmi ò gbọdọ̀ débẹ̀."

Ó ní, "Ta ló wá ń bá wọn sọ̀rọ̀?"

Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, inú àwo kan náà ni wọ́n ń jù wọ́n sí.

Láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí Abdulwaheed fọn fèrè mọ́tò, Ìyá wa ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti wé gèlè, wọ́n mú ọ̀pá wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá wa, ẹ̀yin náà kẹ̀?" Wọ́n ní, "Fìdítì ni mò ń lọ. Àbí ìlú náà ò gba àlejò mọ́ ni?" Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gbé Fìyìn sórí itan, orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn náà ni.

Níyìọlá ti ń dúró dè wá níbi ìtẹ́ òkú ìjọ wọn. Ògiri kúkurú ló yí i ká, géètì onírin kékeré kan sì wà níbẹ̀. Nígbà tó rí Ìyá wa, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n fi ọ̀pá ṣe àmì fún un pé kó máa lọ. Ìyá wa dúró sí géètì, wọ́n kẹ̀yìn sí inú, wọ́n dojú kọ títì. Èmi, Níyìọlá àti Fìyìn la wọlé. Ilẹ̀ náà ṣì ga díẹ̀, koríko ti ń hù lórí rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àgbélébùú onígi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ló wà níbẹ̀. Níyìọlá ní, "Ibí yìí ni."

Fìyìn wo ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wọn bí ìyá rẹ̀ ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Màámi."

Ìyábọ̀dé, ọmọ tó ti ìrìn àjò dé ló ń kí ẹni tó bá nílé. Òun ló rìn jìnnà, tó gun òkè, tó ń wo ojú àwọn obìnrin kiri. Ìyá rẹ̀ wà ní Fìdítì láti ọjọ́ yìí wá.

Kò dìde. O mọ bí Ojúọlá ṣe le tó lórí ọ̀rọ̀ ìkíni, pé ọmọ tó bá kí àgbà kì í dìde títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró. Níyìọlá wò mí, èmi náà wò ó. Koríko ń mì, mọ́tò ń kọjá lọ sápá Ìbàdàn, ọmọ náà ò gbé orúnkún kúrò nílẹ̀.

Ibi géètì ni ohùn ti wá. Wọn ò yíjú, wọn ò wọlé, wọ́n kàn gbé ohùn sókè kó lè dé ibi tí a wà:

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé?"

Fìyìn ní, "A dúpẹ́ mà." Ó sì dìde.

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ lónìí. Bá mi kí bàbá Jésùtóbi, kí o sì fọwọ́ pa Jésùtóbi lórí fún mi. Níyìọlá kí ọ, Abdulwaheed náà kí ọ. Fìyìn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ní kí n béèrè orúkọ ọmọ tuntun rẹ. Nígbà tí o bá ń dáhùn, òun ni kí o kọ ọ́ sí.

Èmi tó ń rò ọ́, tó sì ń retí rẹ,

Olúrẹ̀mí.